Ọ̀rọ̀ Tó Ju "Jọ̀wọ́" Lọ

Bí ẹ bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní àárín ìgboro Ọ̀wọ̀ láàárọ̀, kí ẹ tó gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ẹ ó ti gbọ́ ẹsẹ̀ Dominic. Ọkùnrin náà kì í jókòó. Ògiri pákó lásán ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tirẹ̀, mo sì mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì: méje ní lílọ, méje ní bíbọ̀. Bí ó bá ti ń rìn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ló ń wá. Bí ó bá rí i, á fi ìka gbá pákó náà, á pariwo, "Ìyá Ammar! Perspicacious!" Èmi náà á dáhùn pé, "Ẹ̀yin àti ta ni?"

Gírámà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi ń pè é ní Bàbá Dùnsìn, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin, àti nítorí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa rán an létí pé èèyàn ni òun náà. Ọmọ Ijagba ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ose, ọmọ ọdún márùndínlógójì. Lẹ́tà ló ń tẹ̀ fún àwọn èèyàn. Bí ẹ bá gbé ìlà mẹ́ta lọ bá a, ojú ìwé méjì lẹ ó gbé kúrò níbẹ̀. Tíṣà kan ní kó bá òun tọrọ ìsinmi ọjọ́ méjì nítorí ẹ̀yìn tó ń ro ó. Lẹ́tà tí Dominic tẹ̀ le débi pé ọ̀gá iléèwé náà fi owó ránṣẹ́ sí ìyàwó tíṣà, ó ní kó mọ́kàn le, pé gbogbo wa la dá gbèsè ikú.

Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń lé e kiri. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló jókòó ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Òyìnbó já a kulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Sylvanus, bàbá rẹ̀, akọ̀wé kóòtù ni, òun ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́yà fún àwọn ẹlẹ́jọ́. Bí Sylvanus bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí kò gbọ́ rí, á kọ ọ́ sínú ìwé aláwọ̀ búlúù kan: Òyìnbó lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún, déètì ọjọ́ tó gbọ́ ọ lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá gbé èsì ìdánwò burúkú wálé, bàbá náà kì í bínú, kì í sọ̀rọ̀, ìyẹn sì ni Dominic ní ó dun òun jù. Ọdún kẹsàn-án rèé tí bàbá ti kú. Ìwé búlúù yẹn nìkan ni Dominic bèèrè nínú ogún.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé fóònù yín ò ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nínú ni?"

Ó ní, "Fóònù ò dé kóòtù rí, Ìyá Ammar."

Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ bá òkú díje, ẹ jẹ́ kó máa sáré tirẹ̀.

Nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí kòkó pọ́n dáadáa, ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ gbin ọ̀pẹ rán àwọn awọnlẹ̀ lọ sí Ijagba. Wọ́n ta okùn, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi. Ìdílé méje ni àmì náà kàn, ìyá Dominic wà lára wọn, Àbẹ̀ẹ́bí lorúkọ rẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ilé ìpàdé pé ẹnikẹ́ni tí kò bá fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ lọ, kó kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Bí wọn ò bá gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ti lọ nìyẹn. Oko kòkó yẹn ni ìyá Dominic fi ń jẹun. Òun náà ló fi sanwó ìdánwò márààrún. Àwọn àgbà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú ẹni tí yóò kọ ọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ Akọ̀wé ń bẹ l'Ọ́wọ̀. Ta ni ká tún máa wá?"

Láti ọjọ́ náà ni àlàáfíà ti kúrò lọ́dọ̀ tèmi. Ìṣísẹ̀ méje, ìṣísẹ̀ méje, láti àárọ̀ títí dìgbà tí mo bá ti ilẹ̀kùn. Ó ń da ọkàn mi rú débi pé mo gé apá bùbá kan sódì, mo sì ra aṣọ mìíràn dípò. Bí oníbàárà bá wọlé tọ̀ ọ́, ìdúró ló fi ń tẹ lẹ́tà wọn. Ó jẹ búrẹ́dì nínú ìrìn. Ó rù.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo yọjú sí i. "Bàbá Dùnsìn, kí ló kù?"

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Ibi tí a ti ń bẹ̀ wọ́n."

"Ṣebí 'please' ni."

Ó wò mí bí ẹni tí mo da yẹ̀pẹ̀ sínú ọbẹ̀ rẹ̀. "Please? Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń sọ 'please' bó bá fẹ́ lọ tọ̀. 'I beg' ńkọ́? Ti gáréèjì nìyẹn. 'Plead' ńkọ́? Ọ̀daràn ló ni ín. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìyá mi nìyí! Mo fẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá wọn máa kà, tó máa dìde dúró."

Mo ní, "Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ẹ ò gbà." Ó ti ń rìn padà.

Ọjọ́ kẹtàlá ló rí i. Mo rántí ọjọ́ náà nítorí ewúrẹ́ kan tó ki etí léèsì oníbàárà mi bọnu ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, tí mo ń fà á mọ́ ọn lẹ́nu, tí mò ń kígbe pé, "Jọ̀ghọ́ ẹ̀! Ẹran yìí, jọ̀ghọ́ ẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ bí a bá fẹ́ kí ẹnì kan tú ọwọ́ lára nǹkan. Léèsì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu ewúrẹ́ nígbà tí Dominic sáré jáde, ìwé búlúù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Mo ti rí i! Relinquish!"

"Kí ló túmọ̀ sí?"

Ó ṣí ìwé náà sí mi lójú. Mo kà á fúnra mi, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Lápá òsì, *relinquish*. Lápá ọ̀tún, *jọ̀wọ́*. Lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún, ọdún 1988.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tó ju 'please' lọ rèé. Bàbá mi ti bá mi tọ́jú ẹ̀ kí wọ́n tó bí mi."

Mo ní, "Ó dára o." Bí mo ti sọ nìyẹn. Àwa méjèèjì lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí èèyàn bá fẹ́ tọrọ nǹkan, kó sọ pé jọ̀wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ohun mìíràn nípa rẹ̀ fún wa.

Ó jókòó tẹ̀ ẹ́. Ó ka ìlà náà sí mi létí nígbà mẹ́ta: "We the undersigned hereby relinquish to Government in the matter of our ancestral land." Ohun tó rò pé òun wí ni pé, àwa tá a fọwọ́ síwèé yìí ń bẹ ìjọba, jọ̀wọ́, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn bàbá wa. Ó dùn létí, n ò lè parọ́. Lọ́jọ́ kejì ó gbé e lọ sí Ijagba, àwọn méje tẹ̀ka sí i, ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Nígbà tó padà dé, mo retí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí, n ò gbọ́ nǹkan kan. Mo yọjú. Ó jókòó sórí àga bí ọlọ́jà tó tajà tán, ó ń mu omi tútù.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kọkàndínlógún, Qudirat wá wọn aṣọ rẹ̀ wò. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Qudirat, ọkọ ló gbé e wá s'Ọ́wọ̀, ọ́fíìsì ilẹ̀ yẹn gan-an ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń fi pín-ìn-nì mú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà wọlé nígbà tó ní:

"Àǹtí Ṣẹ̀fíátù, àwọn ará Ijagba yẹn mà nírẹ̀lẹ̀ o. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Lẹ́tà wọn ti dé, wọ́n ní àwọn jọ̀wọ́ ilẹ̀ náà fún ìjọba."

"Wọ́n ní kí ni?"

"Wọ́n jọ̀wọ́ ẹ̀. Wọ́n yọwọ́. 'Relinquish' ni wọ́n kọ. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun ò rí ibi tí wọ́n ti fi Òyìnbó tó dán báyìí fi nǹkan sílẹ̀ rí."

Pín-ìn-nì gún mi lọ́wọ́. Àwa tí à ń pe Ọ̀wọ̀ ní Ọ̀ghọ̀, tí à ń pe ọwọ́ ní ọghọ́! Jọ̀wọ́ tó wà nínú ìwé Sylvanus, jọ̀ghọ́ tiwa ni. Ohun tí mo ń pariwo mọ́ ewúrẹ́ ni. Mo ti ń sọ ọ́ láti kékeré, ó sì wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí mo kà á, n ò dá a mọ̀ nítorí pé ó wọ aṣọ iléèwé.

Lódìkejì pákó, ẹsẹ̀ tó ń lọ dúró lórí ìṣísẹ̀ kẹrin.

Kò pẹ́ tó fi wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Qudirat wò mí, ó wò ó, ó sì yé e. Ó tún un sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Dominic fọwọ́ méjèèjì lérí. "Kòkó ìyá mi," ló ń wí. "Kòkó ìyá mi. Mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé e fún wọn."

Inú bí mi sí i. Inú bí mi sí ara mi. Inú tilẹ̀ bí mi sí Sylvanus nínú sàréè rẹ̀, pé kí ló dé tí kò fi kọ gbólóhùn kan péré kún un. Ṣùgbọ́n Qudirat ní fáìlì náà kò ní lọ sí Àkúrẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bí wọ́n bá mú lẹ́tà mìíràn wá kí aago mẹ́rin tó lù, tí àwọn méje tún tẹ̀ka sí i, òun á bá wọn fà ti àkọ́kọ́ yọ. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. "Kí ẹ kọ ọ́ kó yé èèyàn o."

Dominic padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó dìde, ó jókòó, ó dìde, ó rìn méje, ó jókòó. Ó kọ ìlà kan, ó pa á rẹ́. "Repudiate," ó ní. "Rárá. Abrogate." Ó ń ṣí ìwé búlúù náà síwá sẹ́yìn. Ẹ̀rù ń bà á báyìí, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ló di ejò lójú rẹ̀. Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo wọlé lọ, mo pa ìwé náà dé.

"Bàbá Dùnsìn, ẹ gbójú sókè. Kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn? Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ fún èmi."

Ó mí kanlẹ̀. "A ò gbà. Ilẹ̀ wa ni, kòkó wa wà lórí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wa. Lẹ́tà àkọ́kọ́, àṣìṣe èmi akọ̀wé ni."

"Ẹ tẹ ìyẹn. Lédè Òyìnbó tí Dùnsìn lè kà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà mẹ́rin. Ó ń wò ó bí ẹni tó bọ́ sí ìta láìwọ ṣòkòtò. Mo rí i tí ìka rẹ̀ tún ń sún mọ́ kọ̀ǹpútà láti fi ẹ̀wù kún un, ni mo bá tẹ bọ́tìnnì fúnra mi, mo sì fa ìwé náà yọ lẹ́nu ẹ̀rọ nígbà tó ṣì gbóná.

Ní Ọjọ́bọ̀, Fàsásì ọlọ́kadà gbé wa lọ sí Ijagba. Dominic ló bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀ lé òun. Kò sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí òun nìkan bá lọ, ó lè sọ fún Fàsásì ní agbedeméjì ọ̀nà pé kó yí padà. Gbogbo ọ̀nà ló ń fi ẹsẹ̀ lu irin ọ̀kadà. Fàsásì tilẹ̀ bi wá bóyá ọ̀kadà òun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn mẹ́fà ni a kọ́kọ́ lọ bá nílé ìpàdé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ ohun tó ṣe, kò fi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́. Àgbà kan nínú wọn dìde, ó na ọ̀pá sí i: "Ọma Akọ̀wé, ùwọ lo fẹ́ tà wá?" Dominic ò gbé orí sókè. Wọ́n bú u, wọ́n bú u tó. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kó ka tuntun náà, ó kà á, ó túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní èyí tí ọmọ kékeré lè gbọ́ yìí ni àwọn ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí. Wọ́n tẹ̀ka.

Kí n má dá yín dúró: lẹ́tà náà wọ fáìlì lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta kọjá díẹ̀. Qudirat lù ú ní òǹtẹ̀ lójú wa, ó sì fa ti àkọ́kọ́ yọ. Títí di òní, wọn ò tíì gbin ọ̀pẹ kankan sí Ijagba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń lọ, ọ̀dà pupa sì ṣì wà lára igi. Ṣùgbọ́n ti ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ náà, ẹ̀yìn ilé la ti bá a, ó ń sá kòkó lórí ẹní. Ojú ọ̀run ti ń ṣú. Dominic kúnlẹ̀, bí ó ti tóbi tó, ó jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé búlúù yọ, ó ṣí i síwájú ìyá tí kò mọ̀wé, bí ẹni tó fẹ́ fi ẹjọ́ bàbá rẹ̀ sùn.

"Bàbá ló kọ ọ́ báyìí, Yèé mi. Mo ṣáà tẹ̀ lé e."

Ìyá náà nu ọwọ́ lára ìró. "Ìgbà wo ló kọ ọ́?"

"Ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún, ọdún 1988."

Àbẹ̀ẹ́bí wo àwọn igi kòkó tó wà lẹ́yìn wa, ó wò wọ́n pẹ́.

"Bàbá mi ló lẹ́jọ́ lọ́jọ́ ọ̀hún," ó ní. "Ìdílé kan ní tàwọn l'ulẹ̀ yìí, ilẹ̀ kòkó yìí. Ọdún mẹ́ta là ń lọ, là ń bọ̀. Oúnjẹ ni mo gbé lọ fún bàbá mi ní kóòtù. Lọ́yà tighan, ti ìdílé ọ̀hún, dìde, ó sọ Òyìnbó kan. Gbogbo wa ń wo ẹnu akọ̀wé. Akọ̀wé ò mọ̀ ọ́n! Ó ní kí lọ́yà ó tún un sọ, ó ní kó là á yé òun. Lọ́yà bá là á. Ìgbà yẹn ló yíjú sí ọ̀dọ̀ wa, èmi ló wò, ó ní, 'Ghan ti jọ̀ghọ́ ulẹ̀ náà.' Bàbá mi bú sẹ́kún. Lọ́sẹ̀ kejì, akọ̀wé wá kí wa nílé, ó lóun wá wo bí ulẹ̀ ṣe rí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà kò dúró. "Dominic, ọma mi. Ọ̀rọ̀ tó fún wa l'ulẹ̀ yìí náà lo fi gbé e fún ghan."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Dominic ti ń kó jọ láti ìgbà ọmọdé, kò sí ọ̀kan tó wá ràn án lọ́wọ́. Ó gbé yíǹkì síwájú ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹ àtàǹpàkò náà sí yíǹkì, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ó jáde dáadáa, gbogbo ìlà ìka náà hàn kedere.

Ó ti tẹ̀ ẹ́ tán, síbẹ̀ kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó dì í mú, ó gbé e mọ́ iwájú orí, yíǹkì sì kùn ún lójú. Òjò kán tó, ó kán tò, sórí kòkó tó wà nílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ kejì nù ún lójú.

"Jọ̀ghọ́ mi, ọma mi," ó ní. "Kòkó mi ń bẹ níta."

Dominic sì jọ̀wọ́ rẹ̀.